Orúkọ Tí Mo Kà ní Aago Mẹ́rin

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ kúrò lọ́rùn, tí ẹ ń wo ọ̀tún, tí ẹ ń wo òsì nípa iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Fúnmiláyọ̀ ni orúkọ mi. Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, Àkúrẹ́ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi, Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́ níbẹ̀ náà, sì ni mo wà báyìí tí mo ń sinmi. Ọdún márùn-dínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ jẹ́ oníròyìn rédíò, lẹ́yìn náà mo di alukoro. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn pé, "Mọ̀mí, ṣé iṣẹ́ ìròyìn dára?" Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn lẹ́nu ọ̀nà kì í tó. Èyí tó tó ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n ka nǹkan sókè, wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù ìgbà náà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lówó kíákíá kò ní wá síbẹ̀.

Mo ti rò pé mo gbọ́n kí n tó dé. Mo ti ka ìwé iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì fún ọdún mẹ́rin, mo mọ orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìròyìn. Àṣé orúkọ ọbẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò tíì dé ìdí ààrò. Ẹni tó mú mi dé ìdí ààrò ni Ọ̀gá Ajíbóyè, olóòtú ìròyìn Yorùbá. Ọmọ Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ kì í gòkè ju ti ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lọ, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá ju ti àwọn tó ń jágbe.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún mi ni kí n lọ wo ọjà lọ́jọ́ tí wọ́n tún un ṣí lẹ́yìn àtúnṣe. Mo lọ, mo padà, mo kọ ojú ìwé méjì gbáko. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó dúró lórí gbólóhùn àkọ́kọ́.

"Fúnmiláyọ̀, ta ló sọ fún ọ pé ọjà náà kún fọ́fọ́?"

"Mo fojú mi rí i ni, sà."

"Ó dáa. Ìsọ̀ mélòó ló ṣí?"

"Mi ò kà wọ́n, sà."

"Mélòó ló tì?"

Mo ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi bí ẹni pé iye wọn wà níbẹ̀.

"Padà lọ kà wọ́n."

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ó ń ṣeré, mo dúró díẹ̀ bóyá á rẹ́rìn-ín. Ó ti tẹjú mọ́ ìwé ẹlòmíràn. Mo padà lọ. Mo fi bàtà tí mo rà fún iṣẹ́ tuntun rin inú ẹrẹ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, mo ń kà wọ́n, àwọn ìyá ọjà sì ń bi mí bóyá owó orí ni mo wá gbà. Ìgbà tí mo kà á tán, mo rí i pé àwọn ìsọ̀ tó tì pọ̀ ju èyí tó ṣí lọ, torí pé àwọn ọlọ́jà àtijọ́ kò rí ààyè gbà padà. Ọ̀rọ̀ míràn pátápátá ni ìròyìn náà dà. Nígbà tí Ọ̀gá Ajíbóyè kà á, kò yìn mí. Ó kàn buwọ́ lù ú.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò fi jẹ́ kí n ka ìròyìn lórí afẹ́fẹ́. Ó ní ẹnu Oǹdó wà lára mi jù. "Ẹnu Oǹdó rẹ dùn," ló wí, "gbé e pamọ́ dè mọ̀mí rẹ. Àwọn tó ń gbọ́ wa wà ní Ìkárẹ́, wọ́n wà ní Òkìtìpupa, ó yẹ kí gbogbo wọn gbọ́ ọ." Bẹ́ẹ̀, bí inú bá bí òun fúnra rẹ̀ tán, Àkúrẹ́ gidi ló ń jáde. Á ní, "Ẹ kó uṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ máa lọ ulé!" Àwọn tó ń tẹ̀wé á bo ẹnu wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Ohun tó ní kí n máa ṣe ní oṣù mẹ́fà náà ni kí n kọ orúkọ ìlú àti orúkọ ènìyàn sínú ìwé kan, pẹ̀lú àmì ohùn lórí wọn. Tí mo bá bá ènìyàn sọ̀rọ̀, mo gbọ́dọ̀ ní kó pe orúkọ ara rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń sọ pé orúkọ ni ohun kan ṣoṣo tí tálákà àti olówó jọ ní, tí a bá sì pe ohùn rẹ̀ sódì, ẹlòmíràn la pè. Mo máa ń rò ó nígbà náà pé àgbà yìí ti ń ṣe àṣejù.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa fi rẹ́rìn-ín. Rẹ́kọ́dà tí mo ń gbé kọ́ èjìká wúwo bí ọlọ. Bí téèpù bá há, bírò la fi ń yí i padà. Bí a bá fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú ohun tí ẹnìkan sọ, abẹ la fi ń gé téèpù náà, a ó wá lẹ ẹ́ pọ̀. Mo ti gé gómìnà láàárín gbólóhùn rí, mo ń wá apá kejì rẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Tẹlifóònù kan ló wà fún gbogbo yàrá ìròyìn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń kú.

Ọdún kẹta ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Ọ̀gá Ajíbóyè fẹ́ lọ síbi òkú ẹbí rẹ̀ kan, ó ti yẹ ìròyìn aago mẹ́rin wò, ó ti buwọ́ lù ú kó tó jáde. Ní nǹkan bí aago méjì, wọ́n wá sọ fún wa pé bọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti Oǹdó ti ṣubú lójú ọ̀nà. Mo gbé rẹ́kọ́dà, mo sáré lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n kó wọn lọ. Ẹni mẹ́ta ló ti kú. Wọ́n ti mọ méjì nínú wọn. Ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, wọ́n bá báàgì kan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, káàdì olùkọ́ wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ka orúkọ àti àdírẹ́sì inú káàdì náà fún mi. Bùsọ́lá ni, olùkọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Oǹdó.

Ọlọ́pàá tó dúró nítòsí sọ fún mi pé, "Madam, ẹ dúró kí àwọn ẹbí wá wò ó ná."

Mo gbọ́ ohun tó sọ. Àwọn tó máa ń sọ pé àwọn ò gbọ́, èmi gbọ́. Ṣùgbọ́n aago ti lé ní mẹ́ta, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ilé iṣẹ́ wa ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo padà, mo kọ ọ́, mo fi kún ìwé tí ọ̀gá mi ti buwọ́ lù, mo wọ yàrá ìkàròyìn. Ní aago mẹ́rin, mo ka orúkọ Bùsọ́lá, mo ka ti bàbá rẹ̀, mo sọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Mo pe ohùn gbogbo rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo jáde, wọ́n kí mi kú iṣẹ́.

Ní Oǹdó, ìyá Bùsọ́lá wà ní ìsọ̀ rẹ̀ tó ti ń ta aṣọ, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó sáré jáde láìwọ bàtà, ó já sínú gọ́tà, apá rẹ̀ kán. Wọ́n gbé e délé, ilé kún fún ẹkún. Ní ìrọ̀lẹ́, takisí kan dúró níwájú ilé náà. Bùsọ́lá ló sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, báńdéèjì lórí. Àwọn kan tó jáde nínú mọ́tò míràn ló ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ṣubú, kí àwọn ọlọ́pàá tó dé rárá. Àwọn tó ń sunkún tú ká, wọ́n ń sá. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò sá.

Ẹ̀gbọ́n Bùsọ́lá dé yàrá ìròyìn wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò ní tún gbogbo ohun tó sọ sọ. Ó tọ́ sí mi. Ọ̀gá Ajíbóyè jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó bẹ̀ ẹ́, ó wá yíjú sí mi.

"Bí ẹni tó ni káàdì bá wà láàyè, ta ló kú?"

Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n náà ti wọlé, ara mi nìkan ni mo ti ń rò, bóyá wọ́n á lé mi. Mi ò tíì rántí pé òkú kan wà nílé ìwòsàn tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀gá mi ní kí n wọ mọ́tò òun. A lọ sí Oǹdó. Ìyá Bùsọ́lá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, apá rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n fi so ó mọ́rùn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ orúkọ mi. Ó wò mí pẹ́.

"Ṣé ìwọ ni ohùn yẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ forí jì mí."

"Mo rò pé àgbàlagbà ni ọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Dìde. Ọmọ mi wà láàyè, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà lónìí. Bóyá lọ́la."

Bùsọ́lá ló sọ fún wa nípa báàgì. Ó ní òun àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni àwọn jọ jókòó, òun fẹ́ bọ́ súwẹ́tà òun, ọmọ náà bá òun gba báàgì mú. Aránṣọ ni. Ọmọ náà sọ fún Bùsọ́lá pé òun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí òun ní Ìpogun, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Bùsọ́lá ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

A yí mọ́tò padà, ó di Ìpogun. A béèrè ilé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Oǹdó. Ilé àwọn ará ibẹ̀ kò pọ̀ jù, wọ́n júwe rẹ̀ fún wa. Bàbá kan wà níwájú ilé tó ń yí kòkó lórí ẹní pẹ̀lú ẹsẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dúró, Ọ̀gá Ajíbóyè yíjú sí mi.

"Ìwọ ni wàá sọ ọ́."

"Ọ̀gá, mi ò lè sọ ọ́, sà."

"O lè sọ ti àná. Sọ̀ kalẹ̀. Mo wà lẹ́yìn rẹ."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní ká jókòó. Nígbà tí mo béèrè ọmọ rẹ̀, ó ní kò tíì dé, pé ó yẹ kó ti dé lánàá. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ pé mọ́tò ṣubú, òun lọ sí ilé ìwòsàn náà lálẹ́ àná, wọ́n sọ fún òun pé òkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní orúkọ, kò sí ọmọ Ìpogun níbẹ̀. Òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun padà sílé. Ó ní ìyá ọmọ náà ti pa adìẹ láàárọ̀ yìí láti fi dúpẹ́. Mo ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ náà láti ẹ̀yìn ilé.

Mo sọ ọ́ fún un. Mi ò mọ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo sọ pé èmi ni mo fi orúkọ ẹlòmíràn sí orí ọmọ rẹ̀.

Kò pariwo. Ó jókòó sórí kòkó náà bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè, ojú mi ló sì wò tààrà.

"Wọ́n á máa bi mí pé níbo ló wà," ló wí. "Ọjọ́ gbogbo ni wọ́n á máa bi mí. Padà lọ síbi tó o ti sọ ọ́, kó o sọ ti ọmọ mi. Títílayọ̀ ni. Kì í ṣe Títílọlá. Wọ́n pè é ní Títílọlá níléèwé rí, inú bí i títí."

Ó ní kí n pè é. Mo pè é. Ó ní kí n tún un pè.

Aago mẹ́rin ọjọ́ náà, Ọ̀gá Ajíbóyè fi àtúnṣe náà ṣe ìròyìn àkọ́kọ́, ṣáájú ọ̀rọ̀ ìjọba. Ó ní kì í ṣe ẹlòmíràn ló máa kà á, ohùn tó bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe. Mo kà á. Mo pe Títílayọ̀ lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ní kí n pè é. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ kó bọ́ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kó èèpo rẹ̀ nílẹ̀.

Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé fún oṣù kan. Mo padà wá bá iṣẹ́ mi, ó yà mí lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Ajíbóyè fẹ̀yìn tì, ni akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ wa tó sọ fún mi pé nígbà tí ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà pè é, ó sọ pé orúkọ òun ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà, òun ló ni ẹ̀bi. Kò sọ fún wọn pé mo fi kún un lẹ́yìn tó ti jáde. Wọ́n dá ìgbéga rẹ̀ dúró fún ọdún méjì. Mo lọ bá a ní Ìsìkàn lálẹ́ ọjọ́ náà láti dúpẹ́. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Mo ní akọ̀wé àgbà ni. Ó ní, "Ẹnu rẹ̀ ti gbòòrò jù." Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ fún mi. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Bùsọ́lá àti èmi di ọ̀rẹ́, bí ẹ bá lè gbà á gbọ́. Àwa méjèèjì máa ń lọ sí Ìpogun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, títí bàbá náà fi kú.

Irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lẹ́yìn náà. Kọ̀ǹpútà dé, abẹ tí a fi ń gé téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà nínú dúrọ́ọ̀. Fóònù alágbèéká dé, ènìyàn lè ṣe ìwádìí láti orí àga. Èyí rọrùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ò mọ bí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ènìyàn ṣe rí mọ́. Wọ́n á ní àwọn ti rí i lórí Wasáàpù. Mo máa ń ní kí wọ́n wọ bàtà wọn.

Nígbà tó kù bí ọdún mẹ́wàá kí n fẹ̀yìn tì, mo kúrò ní rédíò, mo di alukoro ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Oǹdó. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n á ní oníròyìn ń wá òtítọ́, alukoro ń bò ó mọ́lẹ̀. Èmi rò bẹ́ẹ̀ náà kí n tó débẹ̀. Àṣé ojú kan náà ni méjèèjì, ibi tí wọ́n dúró sí ló yàtọ̀.

Ọdún kẹrin mi níbẹ̀, wọ́n gbé aláìsàn ibà Lassa wá, lẹ́yìn náà wọ́n gbé òmíràn wá. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn ará ìlú. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà pè mí.

"Màdáámù, kọ ọ́ síta pé kò sí Lassa níbí."

"Ó wà, sà."

"Mo mọ̀ pé ó wà. Àwọn ènìyàn á sá fún wa ni bí a bá sọ ọ́."

"Bí a ò bá sọ ọ́, sà, ilé ni wọ́n á máa tọ́jú ibà, wọ́n á rò pé ibà lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ pé ó wà, pé a lè tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n bá tètè wá, kí wọ́n bo gàrí wọn kí eku má baà débẹ̀."

Mo ti kọ ọ́, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó dá a padà sí mi. Mo sọ fún un pé mi ò lè kọ èyí tó fẹ́. Ó wá ẹlòmíràn tó kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn aláìsàn sí, pé kí n lọ máa tò wọ́n.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí nọ́ọ̀sì kan tí a jọ máa ń jẹun ọ̀sán kó àrùn náà. Ó gba ọ̀nà ikú lọ, ó padà. Ọ̀sẹ̀ tó burú jù nínú rẹ̀, ọ̀gá àgbà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí yàrá fáìlì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwé ọjọ́sí yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

Ó wà nínú báàgì mi. Ó kà á lórí ìdúró, ó yọ bírò, ó buwọ́ lù ú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n kà á lórí rédíò. Àwọn ènìyàn kò sá. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì ń tètè bọ̀. Ọ̀gá àgbà kò dá mi padà sí ọ́fíìsì mi o. Ó buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n ó fi mí sílẹ̀ láàárín fáìlì títí tí wọ́n fi gbé òun fúnra rẹ̀ lọ síbòmíràn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Nígbà míràn wọ́n á rà á tán, wọn ò ní kí ẹni tó gbé e wá.

Ẹni tó wà lórí àga mi níbẹ̀ báyìí ni Táyọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ka ìwé dáadáa. Ó pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí. Ó ní òun ti kọ nǹkan kan tí àwọn ọ̀gá kò ní fẹ́. Mo ní kó kà á fún mi. Ó kà á. Òótọ́ ni, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Mo tún orúkọ abúlé kan ṣe fún un, mo ní kó gbé e lọ fún wọn.

Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gbé fóònù sílẹ̀.

"Mọ̀mí, bí wọ́n bá wá gbé mi lọ sí yàrá fáìlì ńkọ́?"

"Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ìlà oòrùn," mo wí fún un. "Ó máa ń tutù dáadáa lẹ́yìn ọ̀sán. Gbé àga tó dára dání."